Má Padà Sódìkejì Adágún

Inú takisí tó ń ti Ọ̀tan Ayégbajú bọ̀ wá sí Ìlá ni Bọ́láwùmí ti kọ́kọ́ rí Adétúnbọ̀. Wọ́n há mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀, Bọ́láwùmí kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lé itan, ó ń fi bírò pupa mákì wọn. Ọkùnrin tó jókòó tì í yọjú sí ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ọmọ yìí ní ńṣe làwọn sójà lúwẹ̀ẹ́ láti Dunkirk dé Ìlú Ọba."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka ìwé oníwèé?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń pa òun náà. "Kí lẹ mọ̀ nípa Dunkirk?"

"Ọmọ ogun ojú omi ni mí. Wọ́n kọ́ wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì ti lé àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì dé etí òkun ilẹ̀ Faransé, kò síbi tí wọ́n tún lè gbà. Ni ìjọba bá kó ọkọ̀ lọ, àwọn apẹja pàápàá gbé ọkọ̀ kéékèèké tiwọn. Wọ́n á kó èrò, wọ́n á já wọn sílẹ̀, wọ́n á tún padà lọ sínú ìbọn."

Kí wọ́n tó dé Ìlá, Bọ́láwùmí ti gbàgbé ìwé tó ń mákì. Kí ìsinmi ọkùnrin náà tó parí, ó ti ń pè é ní Túnbọ̀ mi.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ajíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ni kò gbà. "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ sójà ti ń rán aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀ nìyẹn." Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi rọ̀. Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde. Ọlálérè, ọmọ Ìgbájọ, tí òun àti Túnbọ̀ jọ wọṣẹ́, ni yóò ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó.

Wọ́n gbé Túnbọ̀ àti Ọlálérè lọ sí Adágún Ṣáàdì, níbi tí àwọn sójà dó sí lórí erékùṣù kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù Bọ́láwùmí dún nínú yàrá àwọn olùkọ́. Túnbọ̀ ni.

"Bọ́lá, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba orí omi yọ sí wa láàárọ̀. A jà títí, wọ́n ri ọkọ̀ wa kan. Wọ́n ní ká kó àwọn sójà kúrò. Mo ti kó àwọn àkọ́kọ́ dé òdìkejì, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ padà lọ kó wọn. Mo ní kí n gbọ́ ohùn rẹ ni."

"Túnbọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má padà!"

"Èmi ni mo ń wa ọkọ̀, ìfẹ́ mi."

"Jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á! Bóo bá fẹ́ràn mi lóòótọ́, má padà sódìkejì adágún yẹn!"

Bọ́láwùmí ń gbọ́ ìbọn lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni fóònù já.

Túnbọ̀ kò padà lọ sí erékùṣù náà. Ó sọ fún ọ̀gá wọn pé òòyì ń kọ́ òun. Ọlálérè ló bọ́ sídìí ọkọ̀, ó lọ, ó kó àwọn sójà tó kù pátá. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ìbọn bà á. Gbogbo àwọn tó kó ló gúnlẹ̀ láàyè. Òun nìkan ló kú.

Nígbà tí Túnbọ̀ gba ìsinmi dé Ìlá, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Bọ́láwùmí tí kò fẹ́ gbọ́rọ̀ sójà tẹ́lẹ̀ jó títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Bọ́láwùmí kò lè jó. Ojú ń tì í níwájú Ọlọ́run. Túnbọ̀ kò sì dá a lẹ́bi, kò tiẹ̀ dárúkọ ìpè náà rí. Ì bá bú u, bóyá ara ì bá tù ú.

Ọjọ́ kan, ó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ nípa Dunkirk kan náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Purity nawọ́ sókè.

"Mà, àwọn tó kó èrò lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò padà lọ mọ́ ńkọ́? Kí làwọn èèyàn wí fún wọn nígbà tí wọ́n délé?"

Bọ́láwùmí gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó jáde síta. Bí wọ́n ti ṣíwọ́ nílé ìwé, ilé Túnbọ̀ ló gbà lọ.

"A ò lè ṣe ìgbéyàwó yìí."

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ọ! Òun gan-an ló ń pa mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé Ọlálérè ló kú, mo ní, 'Olúwa, o ṣeun.' Inú mi dùn, Túnbọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kú, inú mi dùn."

Omijé bọ́ lójú Túnbọ̀. "Òòyì kankan ò kọ́ mi, Bọ́lá. Ẹnu tìrẹ ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ tèmi ni ò gbéra. Má dá nìkan rù ú."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ lọ sí Ìgbájọ. Ìyá Ọlálérè jókòó síwájú ilé, lábẹ́ òkè, ó ń pa ẹ̀gúsí. Túnbọ̀ dọ̀bálẹ̀, Bọ́láwùmí kúnlẹ̀, ó sì rò ó láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Ìyá náà kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹ̀gúsí.

"Ó pè mí lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èmi náà ní kó má lọ. Mo sunkún fún un. Ó ní, 'Màmá, mo ti gbọ́,' ó sì lọ." Ó wá wo Bọ́láwùmí. "Ọ̀rọ̀ kan náà la sọ, ìwọ ọmọ yìí. Tìẹ gbọ́ tìẹ. Tèmi ò gbọ́ tèmi."

"Ẹ dárí jì wá, Màmá."

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń wo ọkùnrin yìí, inú ń bí mi pé ó ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ fẹ́ ara yín. Ọmọ mi ò kú torí kí ẹnikẹ́ni lè máa joró. Mi ò ní wá síbi ìgbéyàwó o. Bẹ́ ẹ bá sì bí ọkùnrin, ẹ má sọ ọ́ ní Ọlálérè. Tèmi lorúkọ yẹn."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn Àjíǹde, láìsí ìlù, láìsí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ kejì, Bọ́láwùmí gún iyán, ó se ọbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì gbé e lọ sí Ìgbájọ.

Ìyá náà kò ní kí wọ́n wọlé. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, ó kó oúnjẹ náà sínú abọ́ tirẹ̀, ó fọ tiwọn, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yí padà láti máa lọ. Wọn ò tíì dé ojú títì tí wọ́n fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ọjọ́ wo lẹ tún ń bọ̀?"