Ẹni Tí Àga Kò Gbà

Nígbà tí Nassolo ṣí géètì, ọkùnrin tó dúró síta gbé ojú sókè, ó sì kí i. Kò bi í bóyá òjò ń bọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Kò fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nassolo ti múra de ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àlejò tí kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kàn na káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sí i.

"Kayondo lorúkọ mi, màdáámù. Ilé-iṣẹ́ yín ló ní kí n wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

Iṣẹ́ Kayondo nìyẹn. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Kampala ti ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ṣe apá kan iṣẹ́ nílé, òun ló ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń wo àga, tábìlì àti ìmọ́lẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa ba ara èèyàn jẹ́. Nassolo ní tirẹ̀ ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ọjọ́ méjì ló ń lọ sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, inú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní Kira ló ti ń ṣiṣẹ́. Sénga ni gbogbo ilé ń pe ìyá náà.

"Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó," ni Kayondo wí.

Nassolo jókòó. Orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ tábìlì, ó bá yí ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ti arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Kayondo fa téèpù yọ. Ó wọn tábìlì, ó wọn àga.

"Ibo ló ń dùn yín?"

"Ọrùn. Èjìká. Nígbà míì ọwọ́ ọ̀tún mi á kú, mi ò ní mọ̀ pé mo di nǹkan mú." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi ni. Mo ga jù."

Kayondo ká téèpù rẹ̀. "Màdáámù, ẹ ò ga jù. Tábìlì yìí ló kúrú jù."

Nassolo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ló lé sí i lójú. Nílé ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni tíṣà ń fi í sí, wọn á tún ní kó tẹrí ba kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ríran. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé nǹkan mìíràn ló jẹ̀bi.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ríra nǹkan ní ilé-iṣẹ́ wọn kò gbà nígbà tí Kayondo béèrè àga àti tábìlì mìíràn fún un. "Àga kan náà là ń rà fún gbogbo èèyàn. Ṣé ti ọmọ ọba ló fẹ́ ni?"

"Ti ẹni tó ga ló fẹ́," ni Kayondo dáhùn. "Bí ẹ bá ra bàtà kan náà fún gbogbo òṣìṣẹ́, ṣé wọ́n á lè rìn?"

Wọ́n ní kó máa lọ. Ó lọ, ó tún padà wá. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì, ó jókòó dè é. Nígbà tí ọ̀gá rí i pé ọkùnrin kúkurú yìí kò ní juwọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kan tábìlì àti àga tó bá Nassolo mu.

Ní gbogbo àkókò yìí, Kayondo ń tẹ Nassolo láago láti béèrè ọrùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọrùn kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ìpè náà kì í tán. Kò pẹ́ tí Nassolo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù bó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ á bàjẹ́ bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló pè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé tábìlì náà dé, Nassolo jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ láìfara kọ́ nǹkan kan. Ó pa ojú dé. Kayondo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti fa iṣẹ́ yín lé ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Òun ni yóò máa wá láti ìsinsìnyí lọ."

Nassolo ṣíjú wò ó. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ kọ ẹnu ìfẹ́ sí ẹni tí à ń yẹ ilé rẹ̀ wò. Èmi sì fẹ́ kọ ẹnu ìfẹ́ sí yín."

Nassolo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò gba àkókò.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ rí mi dáadáa?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n wọn nǹkan, Nassolo. Mo mọ̀ pé èjìká rẹ ni orí mi dé. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń rìn ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò á kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká bá yín wá àkàbà?" Kayondo á juwọ́ sí wọn: "Mo ti ní in nílé!" Nassolo á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún.

Ṣùgbọ́n ti ìyá Kayondo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Télọ̀ ni ìyá yìí ní Nateete, gómésì, aṣọ gígùn tí ìyàwó ń wọ̀ ní Buganda, ló ń rán. Nígbà tí Nassolo kúnlẹ̀ kí i, orí rẹ̀ ṣì bá ti ìyá tó jókòó dọ́gba. Ìyá dá a lóhùn, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kayondo, ṣé àwọn obìnrin ti tán ní Buganda ni? Òpó iná lo lọ gbé wá bá mi!"

Nassolo mu tíì tí wọ́n gbé fún un tán, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ó sọ lójú ọ̀nà. "Mi ò fẹ́ ya ìwọ àti ìyá rẹ."

"Èmi ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Màá bẹ̀ ẹ́."

"Bó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá tún bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí Nassolo délé, Sénga ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátókè lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó dáa. Ọkùnrin ń bẹ ìyá rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ẹkún ni iṣẹ́ tìrẹ?"

"Sénga, wọ́n ní òpó iná ni mí."

"Ṣé òpó iná kì í wúlò ni? Ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ ló bú ẹ. Lọ jẹ́ kó mọ̀ ẹ́. Má sì mú Kayondo dání o."

Nassolo ra mítà mẹ́fà aṣọ tó dára, òun nìkan sì kọrí sí Nateete.

"Màmá, bí oníbàárà ni mo ṣe wá. Kò tíì sí gómésì tó bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀ rí. Gbogbo télọ̀ ló ń sọ pé kí n máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn sì ní ẹ mọ̀ ọ́n rán jù wọ́n lọ."

Ìyá wo aṣọ náà, ó wo Nassolo. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó jókòó jẹ́ẹ́.

"Dìde dúró."

Ó gbé àpótí wá, ó gun un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ó pòṣé. "Mítà mẹ́fà? Ta ló tàn ẹ́ jẹ? Mẹ́jọ ni!" Àpótí mì, Nassolo sáré di ìyá mú ní ìbàdí. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìyá kò tètè sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá Kayondo náà kúrú," ó sọ jẹ́jẹ́. "Èèyàn dáadáa ni. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi jáde mọ́. Ilé ló jókòó sí tó ń mu ọtí, títí ọtí fi pa á. Kì í ṣe ìwọ ni mo kórìíra, ọmọ mi. Ẹ̀rín ayé ni mò ń bẹ̀rù."

"Màmá, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń fara dà á. Mi ò ní jẹ́ kí Kayondo dá a gbé láé."

Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

"Lọ ra mítà méjì sí i," ó ní. "Àwọ̀ yìí náà o. Má lọ mú èyí tó yàtọ̀ wá fún mi."

Nínú oṣù Kejìlá, ẹbí méjèèjì jókòó kojú síra wọn fún ìdána lábẹ́ àtíbàbà ní Kira. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Sénga rìn láàárín àwọn ọkùnrin àlejò láti mú ọkọ jáde, ó wo èyí, ó fo tọ̀hún, ó sì fi òdòdó sí Kayondo láyà: "Ẹni tí ọmọ wa mú wá nìyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà náà ni Nassolo jáde nínú gómésì tó wọ́lẹ̀. Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn Kayondo, nínú àwọn ẹbí tirẹ̀ gan-an. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní, "Èyí á máa ká máńgòrò láìgun igi!"

Nassolo dúró lójú kan. Èjìká rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Ìyá Kayondo dìde.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín tán lónìí," ó ní. "Láti ọ̀la lọ, ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ìyàwó ọmọ mi, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbórí sókè."

Nassolo na ẹ̀yìn rẹ̀ tán pátápátá, ó sì rìn lọ bá ọkọ rẹ̀.