Awọ Tó Wà Láàárín Àáké àti Òwú

Àáké ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ẹni tó gbé e wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì mi ní ọjà Missèbo, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn oníbàárà ti wá ibòòji lọ, tí ìyá mi náà ti sùn lọ sórí báálì aṣọ àlòkù rẹ̀. Àáké kékeré ni. Igi rẹ̀ ti dúdú nítorí òógùn ọwọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé mo fà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè rán àkọ̀ fún un? Èyí tí mo lè kọ́ mọ́ ìgbànú."

Mo gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Mo sọ òótọ́ fún un. Àpò fóònù, bàtà àti ìgbànú ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, láti ara àwọn báàgì awọ àlòkù tí mo ń tú. N kò rán àkọ̀ àáké rí.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí nìyẹn," ni ó wí.

Lucien ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àgùdà láti Ekpè létí òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gun igi àgbọn, kí ó máa gé èyí tó ti kú láti orí wá sí ìdí fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Mo fi àáké náà lé orí páálí kí n lè ya ìrísí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbé orí páálí, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àkọ̀ àkọ́kọ́ kò pẹ́. Lucien gbé e padà wá, gbogbo òwú ẹnu rẹ̀ ti já. Ó ní orí ìṣó ni òun fi kọ́ sí nílé, pé òun kò tíì fi ṣiṣẹ́ kankan. Mo rò pé irọ́ ló ń pa kí ó lè wá wò mí. Inú mi sì dùn sí irọ́ náà.

Mo rán èkejì. Mo fi ìda pa òwú rẹ̀ dáadáa, mo ki àáké bọ̀ ọ́, mo gbé e sí iwájú wa lórí tábìlì. A jókòó, à ń jẹ ẹ̀pà, à ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà náà, ó ti ń pè mí ní ààyò rẹ̀. Lójijì ni mo gbọ́: tá.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tá. Òwú ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tú irun ọmọ tó sùn. Lucien di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ni mo wí, kí n ṣáà lè rí nǹkan sọ.

Kò rẹ́rìn-ín. "Rasi, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ."

Bàbá rẹ̀, Mathieu, ló ni àáké náà. Iṣẹ́ kan náà ni bàbá ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lo àkọ̀ rí. Inú ìgbànú ló máa ń ki àáké bọ̀ ní ìhòòhò. Ní ọjọ́ kan, lókè igi, ẹnu àáké kan igbà tó fi so ara rẹ̀ mọ́ igi. Igbà já, bàbá já bọ́, ó sì kú. Inú ọgbà àgbọn wọn létí òkun ni wọ́n sin ín sí. Láti ìgbà náà, òkun ti jẹ ilé wọn. Ó ti jẹ ọgbà. Ó ti jẹ ibojì pẹ̀lú.

"Àáké yìí nìkan ló ṣẹ́kù fún mi lára bàbá mi," ni Lucien wí. "Màmá ní kí n jù ú sínú òkun. Ó ní bí mi ò bá jù ú, kí n má mú ìyàwó kankan wá síwájú òun."

"Ìwọ wá sọ pé kí ni?"

"Mo fi àáké kọ́rí."

Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí ló rí sọ!

Mo lọ rí ìyá rẹ̀ ní Ekpè. Ó fún mi ní omi mu, ó sì wò mí dáadáa.

"Ọmọ mi, n ò kórìíra rẹ. Mùsùlùmí tó o jẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Mo mọ bí opó ṣe rí ni. N ò fẹ́ fi í jogún fún ọmọ ọlọ́mọ."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ìró kan láti ọ̀nà òkun. Kọ́. Kọ́. Kọ́. 

"Màmá, ta ló ń gé igi níbẹ̀ yẹn?"

Kò yíjú síbẹ̀. "Kò sí igi níbẹ̀ mọ́. Omi ni. Ọ̀sán gangan ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Má dá a lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Lucien ti gba iṣẹ́ igi gíga kan sí ọjọ́ Sátidé. Bí n kò bá rí àkọ̀ rán fún un, inú ìgbànú ni yóò ki àáké náà bọ̀, bí bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹjú mọ́ awọ lórí tábìlì mi, n kò mọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Òórùn omi òkun ló kọ́kọ́ dé imú mi. Bàbá arúgbó kan dúró níwájú mi. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ó na ìgbànú awọ ògbólógbòó kan sí mi, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án.

Inú bí mi. Àgbà tó yẹ kó kọ́ ọmọdé!

"Bàbá, ọwọ́ òsì kẹ̀?"

"Má bínú, ọmọ mi. Òun ló kù." Ó gbé ìgbànú náà sórí tábìlì. "Kò sí nǹkan kan láàárín ẹnu àáké àti òwú rẹ. Fi èyí sí àárín wọn. Awọ ni àáké á máa rí jẹ, kò ní kan òwú."

Mo mú ìgbànú náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni. Iyanrìn tútù ló wà níbi tó dúró sí. Mo jí ìyá mi, ó ní òun kò rí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń hanrun, kí ló fẹ́ rí?

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà bọ́gbọ́n mu. Mo gé awọ tuntun lára báàgì dúdú kan, mo rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, mo fi wé orí àáké kí ó lè gba ìrísí rẹ̀. Ibòòji ni mo sá a sí, nítorí oòrùn máa ń mú awọ sán. Mo gé ìgbànú náà ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo tò ó sí àárín etí awọ méjèèjì, níbi tí ẹnu àáké máa wà. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí ẹnìkan ti fi òwú pupa tún rán. Mo jẹ́ kí ibẹ̀ hàn lẹ́nu àkọ̀, torí ó dára lójú mi. Mo lu ihò, mo rán an, mo fi ojóbó sí ẹ̀yìn tí ìgbànú Lucien máa gbà kọjá, mo sì fi awọ oníbọ́tìnnì de ọrùn àáké. Mo ki àáké bọ̀ ọ́, mo tẹ́tí sílẹ̀.

Kò dún.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí Ekpè. Lucien fi ìgbànú rẹ̀ gba inú ojóbó, ó dì í mọ́ ìdí, ó sì mú igbà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ́ kan igi ni ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́.

"Má gùn ún! Lucien, mo bẹ̀ ọ́!"

Ó di àkọ̀ náà mú kí ó lè já a kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ bá òwú pupa pàdé, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Òwú pupa yìí ni mò ń bi ọ́!"

Mo sọ ti bàbá arúgbó náà fún un.

"Ọwọ́ wo ló fi fún ọ?"

"Ọwọ́ òsì. Mo tiẹ̀ bá a wí."

Màmá jókòó sórí iyanrìn. "Jésù Màríà! Apá ọ̀tún ọkọ mi ló rún nígbà tó já bọ́. Èmi ni mo tún ìgbànú yìí rán. Mi ò rí òwú dúdú lọ́jọ́ náà. Èmi náà ni mo dì í mọ́ ọn nídìí, nínú pósí."

Lucien bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ nu ojú. "Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé n ò ní gbọ́ ti ọmọ, ló ṣe wá fúnra rẹ̀." Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ọwọ́ Lucien. "Gun igi rẹ. Kó o sì sọ̀kalẹ̀ wá bá ìyàwó rẹ."

Ó gùn ún. Mo di ojú mi títí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì so mọ́ ọn lọ́rùn lójú ìyá rẹ̀. Ojú kò tì mí rárá.

Ní ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá wa fa ìyẹn títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ọ́fíìsì méérì ìlú ni wọ́n ti so wá pọ̀, àwọn méjèèjì sì jọ jó níbẹ̀ bíi pé wọn kò jà rí.

Ní báyìí, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ mi nídìí igi. Bí ó bá ń gé igi lókè, ẹlòmíràn á máa gé tirẹ̀ láti ojú òkun, níbi tí ọgbà wọn wà tẹ́lẹ̀. Màmá ṣì ń sọ pé kí n má dá a lóhùn. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá ọkọ mi wá sí ìsọ̀ mi, ó bùn mi ní nǹkan, èébú ọwọ́ òsì ni mo fi dá a lóhùn. N kò dúpẹ́.

Ní àná, mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo kọjú sí omi.

"Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ kú iṣẹ́."

Àáké ojú òkun dákẹ́, bí àgbà ṣe máa ń dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró kí ó tó dá ẹni tó kí i lóhùn. Lókè igi, Lucien náà dá ọwọ́ dúró.

"Rasi, ta lò ń kí?"

"Bàbá rẹ ni."

Ìró náà bẹ̀rẹ̀ padà láti inú omi, kọ́, kọ́, jẹ́jẹ́. Lucien ki àáké bọ àkọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.