Ìgbòkun Tí Sìdíkátù Rán

Ìgbòkun náà tutù. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ará Ìgàndó, koríko etí odò sì ń rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sìdíkátù ti ọwọ́ bọ inú aṣọ tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀ abà Babárìndé, omi ló bá níbẹ̀. Ó wo òkè. Páànù abà náà kò jò. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Omi odò ni, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ náà jáde níbẹ̀.

Télọ̀ ni Sìdíkátù, Ìkòtún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ohun tó gbé télọ̀ dé etí odò ni ọkọ rẹ̀, Àmúsà, tó ń tukọ̀ yanrìn fún Ọ̀gá Festus. Lásìkò náà, ilé ń hù bí olú ní Ayọ̀bọ̀, gbogbo ilé ọ̀hún ló sì ń jẹ yanrìn. Àwọn ọkùnrin á ta ìgbòkun lọ sí àárín odò, wọ́n á mòòkùn pẹ̀lú korobá, wọ́n á kó yanrìn wá sí èbúté Ọ̀gá Festus, níbi tí típà ti ń dúró. Láti ìparí òjò ni Àmúsà ti jáde nílé tí kò padà. Ọ̀gá Festus ní ó sá tẹ̀lé obìnrin kan lọ sí Kútọnu. Ẹbí ọkọ gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹnu Sìdíkátù ló lé e.

Bí kò bá rí òkú, kò lè ṣe fìdáù, kò lè ṣe opó. Bí kò bá rí alààyè, kò sẹ́ni tó máa bá jà. Ó fẹ́ mọ ọ̀kan. Ó bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n gbé òun dé ibi tí ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ta ló fẹ́ kí Ọ̀gá Festus lé òun lẹ́nu iṣẹ́? Odò tó ń jẹ ènìyàn kò pọ̀. Àwọn tó ń fi odò jẹ ènìyàn ló pọ̀.

Ni Sìdíkátù bá ní òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun rìn fúnra òun.

Babárìndé, àgbà ọlọ́kọ̀ tó kọ́ Àmúsà níṣẹ́, nìkan ló gbà láti kọ́ ọ. Kò béèrè ìdí. Ó gbà kíákíá, bí ẹni tó ti ń retí ìyà rẹ̀ tipẹ́.

"Má wo ìgbòkun," ó sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ọrùn ni kí o fi mọ afẹ́fẹ́. Ibi tó bá ti tutù, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀."

"Okùn yìí ńkọ́, Bàbá? Ṣé kí n so ó mọ́ ọkọ̀?"

"A kì í so ó. Ọwọ́ ni kó máa wà. Bí afẹ́fẹ́ bá bínú, kí o lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un."

Àwọn obìnrin tó ń ru yanrìn ń wò wọ́n láti èbúté. "Àǹtí Télọ̀," Títí, ẹlẹ́nu wọn, pè é, "ẹja wo lẹ fẹ́ lọ wọn aṣọ fún?"

"Èyí tó bá ní ìdí bíi tìẹ ni, jàre," Sìdíkátù dá a lóhùn, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbòkun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ti gbó. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí omi inú asẹ́, kò gbé wọn kọjá eèsún etí odò. Ìdí nìyẹn tó fi wọ abà lọ wá òmíràn, tó sì rí èyí tó tutù.

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àpò ráìsì ni wọ́n rán pọ̀. Wọ́n là á láti òkè délẹ̀. Ojú télọ̀ ló fi wò ó: afẹ́fẹ́ kì í fa aṣọ ya gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló gbóòórùn àdí àgbọn tí Àmúsà fi ń para. Ìgbòkun ọkọ rẹ̀ ni. Kò bi ẹnikẹ́ni. Bí aṣọ ọkọ ẹni bá ya, ṣebí èèyàn á rán an ni.

Ní Ìkòtún, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ lójú ẹ̀rọ lemọ́lemọ́, ló bá fi ọwọ́ rán an. Nígbà tó ta kókó ìgbẹ̀yìn, ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí lómi. Ó bojú wẹ̀yìn. Aṣọ àwọn oníbàárà nìkan ló so kọ́ síbẹ̀.

Láàárọ̀, kí Babárìndé tó dé, ó ti wọ inú ọkọ̀, ó ti fa ìgbòkun náà sókè. Kùrukùru bo odò. Ewé kan kò mì. Ọrùn rẹ̀ kò mọ òtútù kankan. Síbẹ̀ ìgbòkun náà wú.

Babárìndé yọ pẹ̀lú orín lẹ́nu. Orín náà bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló rán an?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ní kí inú yín lè dùn."

Bàbá náà fa ọ̀bẹ yọ, ó fò sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń lọ. Ó wó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìdíkátù ní ìdí ọkọ̀. Nígbà náà ni iwájú ọkọ̀ rì díẹ̀, bí ìgbà tí ọkùnrin kan bá jókòó.

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́," Babárìndé wí. "A máa ń gé e ni. Bí ọlọ́kọ̀ bá bómi lọ, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ á la ìgbòkun rẹ̀, kí ẹ̀mí rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kó má wá ọkọ̀ mọ́. A kì í rán an."

Sìdíkátù nàka sí ojú ibi tó rán. "Ta ló gé eléyìí?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ní ó lọ sí Kútọnu."

Omi ń lu ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́.

"Yanrìn ló ya lù ú nísàlẹ̀," bàbá náà ń bá a lọ. "A ní kí á wú u jáde. Ọ̀gá ní bí a bá dáwọ́ dúró, ọlọ́pàá á gbọ́, wọ́n á ti èbúté pa, ebi á pa gbogbo wa. A sì ń wa yanrìn lọ, Sìdí. Ibẹ̀ gan-an."

Kò sunkún. "Kò kọ̀ mí sílẹ̀."

"Kò kọ̀ ọ́."

Wọ́n dé ibi tí odò ti jìn, níbi tí wọ́n ti ń mòòkùn. Ó rò pé ọkọ̀ á dúró síbẹ̀. Kò dúró. Ìgbòkun ṣí lọ sí apá kejì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yí, ó kọjú sí èbúté.

Babárìndé na èèkù ọ̀bẹ sí i. "Ìwọ lo rán an, ọwọ́ rẹ ló lè tú u. Gé e, á sinmi. Èyí tó wà níwájú yìí kì í ṣe ọkọ rẹ tán mọ́."

Ó gba ọ̀bẹ náà. Lójú kùrukùru, ó rí Ọ̀gá Festus nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òun nìkan, tó ń ta eyín lórí òkìtì yanrìn. Ọkùnrin náà gbọ́ ìró ọkọ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú.

"Ẹ̀yin mẹ́ta yẹn," ó pè wọ́n, "ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọkọ̀ yanrìn ń bọ̀."

Babárìndé di ojú rẹ̀. Sìdíkátù ti ọ̀bẹ sábẹ́ itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn le.

Ọ̀gá Festus ṣẹ́jú. Ó tún wo iwájú ọkọ̀, igi ìtayín sì dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ," ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Jókòó. Mo ní kí o jókòó."

Èbúté ṣì jìnnà díẹ̀ nígbà tí iwájú ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì, tó sì gbéra lórí omi, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀.