Ẹni Tó Dí Ọ̀nà Mọ́ Fíìmù Jẹ́jẹ́

"Fa wáyà yọ! Mo ní kí o fa wáyà yọ! Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́!"

Mogbọ́ntán, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Jẹ́jẹ́, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú pálọ̀, tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Línúùsì, ti di ìgbín. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti ọfà ojú kọ̀ǹpútà náà, ọfà á dúró, á ronú, á wá fò bíi tata. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni fíìmù tó ṣe fún ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ wà, ó sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ọmọ mi, ṣé kí n pa á?" Ìyá rẹ̀ ti na ìka sí bọ́tìnnì.

Ọwọ́ ń yún Jẹ́jẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lára ẹ̀rọ náà: dísìkì, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ má pa á. Kò kú, iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí a bá já a lójijì, fíìmù mi lè bá a lọ."

"Ẹ wo dókítà kọ̀ǹpútà!" Mogbọ́ntán bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbà tó o bá fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìdíje á ti di ti ọdún tó ń bọ̀."

Jẹ́jẹ́ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó tẹ àṣẹ kan, ó dúró kó jẹ́ ẹ. Ó rí i pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà kàn jókòó gẹlẹtẹ ni, ó ń retí dísìkì. Ta ló wá gba gbogbo dísìkì? Géèmù rẹpẹtẹ, tó ń dà wọlé láti inú fúláàṣì!

Ó bẹjú wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. "Bùrọ̀dá, ta ló ni fúláàṣì aláwọ̀ ewé yìí?"

Mogbọ́ntán gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Mo rò pé... kò ní pẹ́ ni."

"Háà!" Ìyá pàtẹ́wọ́. "Fáírọ́ọ̀sì rèé, ó wọ ṣòkòtò! Jẹ́jẹ́, fà á yọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má fà á yọ! Á bàjẹ́!"

Ẹni tó ní kí wọ́n fa wáyà ló kúnlẹ̀ yìí o!

Jẹ́jẹ́ ò fà á. Ó tẹ àṣẹ kan, ó ní kí géèmù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Dísìkì gbé èyí tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ mì, iná rọlẹ̀, ọfà sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, fíìmù ti lọ. Ìgbà náà ló tó jẹ́ kí géèmù máa bọ̀.

"Sùúrù la fi ń pa èèrà ká tó rí ìfun rẹ̀," Ìyá wí, ó sì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan bá dí, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó dí i kí ẹ tó na ọwọ́ sí wáyà. Ẹni tó ń pariwo jù nínú yàrá lè jẹ́ ẹni tó dí ọ̀nà.