Ọmọ Tó Rẹ́rìn-ín Nídìí Abẹ́rẹ́

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú ọmọdébìnrin kan tó ń sunkún, ó de awò dúdú ńlá kan mọ́ ọmọ náà lójú, ó sì rọra sọ pé, "Wo ẹja aláwọ̀ ọsàn yẹn. Nawọ́ sí i." Bí Mardiyah ṣe kọ́kọ́ rí Ọláṣùpọ̀ nìyẹn, ní ilé ìwòsàn bàbá rẹ̀ ní Ìgándò. Nínú awò náà, tó ń ṣe bíi tẹlifíṣọ̀n, òkun ni ọmọ ń rí yí ara rẹ̀ ká. Mardiyah gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín.

Nọ́ọ̀sì ni Mardiyah. Ní Alímọ̀ṣọ́, bí ọmọ kò bá jẹun, ìyá rẹ̀ á ní, "N ó pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ!" Nítorí náà, àwọn ọmọdé tí ó fẹ́ràn a máa sá fún un ní òpópónà. Ọmọ yìí ni àkọ́kọ́ tó dì mọ́ ọn.

"Bọ̀dá Ẹlẹ́ja, ẹ ṣé o," ni Mardiyah sọ fún ọkùnrin náà.

"Ọláṣùpọ̀ ni mí jàre. Mi ò ta ẹja rí."

Kí àsìkò òjò tó parí, wọ́n ti di olólùfẹ́.

Ṣùgbọ́n Dókítà Jàfárù, bàbá Mardiyah, lé e jáde. "Ìṣeré ọmọdé lo kó wá síbí. Bí o bá níṣẹ́ gidi, wá sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí. Ní yàrá abẹ́rẹ́, káàdì ilé ìwòsàn ni àwọn ìyá fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó gba ọmọdé lọ́wọ́ ẹ̀rù. Orúkọ tí wọ́n rí fún un ni aláìníṣẹ́.

Ọláṣùpọ̀ gbé awò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìjẹ̀gùn. Àárò rẹ̀ ń sọ Mardiyah. Bí wọ́n bá ti fipá di ọmọ mú fún un kó lè gún un, ojú rẹ̀ á lọ sí ibi tí Ọláṣùpọ̀ máa ń kúnlẹ̀ sí. Kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Níkẹyìn, Mardiyah gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ọláṣùpọ̀ dìde láàrin àwọn ìyá ọmọ.

"Mardiyah. O rù o."

"Ìwọ náà rù. Àbí àwọn ẹja ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Ọláṣùpọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dádì ńkọ́?"

"Mo sọ fún wọn pé n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní fẹ́ ọ láìjẹ́ pé wọ́n gbà, n ó máa dúró. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n béèrè ìlú bàbá rẹ."

Ọláṣùpọ̀ sún mọ́ ọn. Ó mọ ohun tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu bàbá ọmọbìnrin.

"Kí lo sọ?"

"Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Ọláṣùpọ̀ mú un lọ́wọ́, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́," ìyá kan ké láti orí bẹ́ǹṣì, "ẹ bá mi gún ọmọ mi ná, kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó!"