Ọwọ́ Méjìlélógún Nínú Àpótí Ọ̀kẹ́rẹ́

Igbe ìyá tó pe àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé sájẹ́ǹtì gbé fóònù jìnnà sí etí. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jí ẹ̀mí ọmọ mi lọ!" Báyìí ni Ìsípẹ́kítọ̀ fi tíì gbígbóná sílẹ̀ lórí tábìlì, tó kó ọlọ́pàá méjì àti ìbọn méjì sínú ọkọ̀, tí wọ́n sáré dé ilé kan tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Àpótí irin kan ni wọ́n bá lórí tábìlì, wọ́n ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní wọ́n jí ẹ̀mí rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹ èékánná.

"Òkú dà?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Òun rèé." Ìyá náà nawọ́ sí àpótí.

Sọ-Ó-Ṣókí ni gbogbo àdúgbò ń pe Ìsípẹ́kítọ̀ yìí. Olè kò rẹ̀ ẹ́ rí, ọ̀daràn kò bà á lẹ́rù rí; àlàyé gígùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ó wo ìbọn, ó wo àpótí, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ dúró sínú ọkọ̀.

"Ìyá, ẹ sọ ọ́ ṣókí."

Ìyá kò sọ ọ́ ṣókí. Láti ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé orí bí òun ṣe sọ yàrá àlejò di ilé géèmù, ó tún yà sọ́dọ̀ eyín kan tó ń dùn ún, kó tó di pé ọ̀rọ̀ jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí bí ìka rẹ̀ ṣe ń fò lórí bọ́tìnnì bí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń fi géèmù jẹun máa wò ó láti ìlú wọn, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá mọ̀ ọ́n gbá, iṣẹ́ ti dé nìyẹn, iṣẹ́ olówó oṣù. Tó bá kùnà, wọn kì í wo ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì.

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ẹ̀rọ mi ti ń wọ́, Ọ̀gá," ni ọmọbìnrin náà fi ohùn kékeré sọ. "Kí n tó yíjú, wọ́n ti yìnbọn pa mí. Ni mo bá ṣí i. Wọ́n ti yọ ọpọlọ rẹ̀."

Ọpọlọ yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní pírósẹ́sọ̀. Kò fẹ̀ ju bisikíìtì kan lọ, òun ló sì ń ro gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń rò. Tuntun ni ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ fi ọdún kan gbáko ṣe wàhálà kó tó rà á. Ògbólógbòó kan ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Ọmọ náà dìde, ó sọ irú rẹ̀ àti iye ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ sí Ìsípẹ́kítọ̀ létí.

"Ta ló tún gbọ́ èyí?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà. Mọ́mì kàn mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni."

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ìsípẹ́kítọ̀ tẹjú mọ́ inú àpótí náà. Kò mọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó mọ ilé tí wọ́n gbá àti èyí tí wọn kò gbá. Gbogbo wáyà inú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n fi okùn ọ̀rá dúdú tínínní dì ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì gé ìrù okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí.

"Ìwọ lo dì í báyìí?"

"Èmi kọ́, sà. Tẹ́lẹ̀, ó kàn wà ní jákujàku ni."

"Atúnkọ̀ǹpútàṣe ni!" ni ìyá pariwo. "Láàárọ̀ àná ló wá fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́!"

Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà. Ìsípẹ́kítọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Wáyà bo tábìlì bí igbó tó bo oko àpatì. Súkúrù wà nínú ife omi, òmíràn wà nínú bàtà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

"Wọ́n ti yọ ọpọlọ ẹ̀rọ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọpọlọ sáfà àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn."

Ọkùnrin náà di orí mú. "Sáfà? Fún géèmù? Ọ̀gá, ẹ kúkú ní mo fi ìkòkò rọ́pò fìlà!"

"Sọ ọ́ ṣókí. Kí ló fi yàtọ̀?"

"Sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ni, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ á máa bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan náà, á máa dá wọn lóhùn. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní ọwọ́ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń falẹ̀. Géèmù wá dà bí kéèyàn fi ṣíbí gbé ẹyin sáré. Ẹ kó ogún àgbàlagbà jọ, ẹ ní kí gbogbo wọn di ṣíbí kan mú, ẹ wò ó bóyá ẹyin á délé. Ọ̀dọ́ díẹ̀ tẹ́sẹ̀ wọn yá ló yẹ ẹ́."

Ìsípẹ́kítọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí tíì rẹ̀, ó sì tún fa ojú ro. "Ṣé kéèyàn kàn yọ ọ̀kan ni, kó ki èkejì bọ̀ ọ́?"

"Rárá o. Ìdí tó bá àga tọ̀hún mu kò lè bá tibí mu. Gbogbo pákó tí ọpọlọ náà jókòó lé lórí ni wọ́n máa tú. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́, Ọ̀gá. Àmọ́ kò mọ géèmù."

"Ó dáa. Má kúrò ní àdúgbò."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ìyá yẹn ti ké olè lé mi lórí títí dé òpin títì. Ta ló tún máa gbé ẹ̀rọ wá fún mi?"

Ìsípẹ́kítọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì tí wọ́n fura sí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, afẹ́fẹ́ fáànù lásán lè gbé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló já a kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ wò. Ó bọ Ìsípẹ́kítọ̀ lọ́wọ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, àmọ́ ojú rẹ̀ gbẹ.

"Wọ́n ní o bínú sí i."

"Mo bínú, sà. Ṣùgbọ́n kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí mo bá fẹ́ bà á jẹ́, ṣebí omi lásán ni màá dà sí i? Kí ni mo fẹ́ máa tú súkúrù sí?"

"O lè tú u?"

"Èmi? Ìyá mi ló ń bá mi pààrọ̀ gílóòbù."

Ìsípẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sókè pé ó tó. Ẹni kẹta ló kù.

Ẹ̀yìn ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbé. Bàbá Sáfà ni wọ́n ń pè é, nítorí ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ yàrá tútù tí wọ́n kó àwọn sáfà iléeṣẹ́ ńlá kan sí. Ìgbà tó fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń da àwọn ògbólógbòó nù, ó kó díẹ̀ wálé bí ẹni tó kó ọmọ aláìníyàá. Yàrá rẹ̀ mọ́ fóò. Ó fi okùn ọ̀rá dúdú di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀, ó fi di apá awò ojú rẹ̀ tó kán, kódà ó fi di agbòòrùn. Ó gé gbogbo ìrù wọn mọ́ ìdí.

Ìsípẹ́kítọ̀ rí i.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò jókòó. Ta ni ẹ rò pé ó pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ ọmọ yín sí ti àtijọ́?"

"Ti àtijọ́! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun tó ń dán ló ń fọ́ yín lójú." Bàbá gbọn orí. "Ṣé ẹ rí i, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó ṣe é, oore ló rò pé òun ṣe. Kí ni ọwọ́ mẹ́jọ fẹ́ fi wé ọwọ́ méjìlélógún? Èyí tó gbé odindi iléeṣẹ́ lórí! Nígbà tiwa..."

Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ìsípẹ́kítọ̀ dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ aṣọ ọba, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn tó wúlò fún un báyìí rí.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń sún mọ́lé, ó pe gbogbo wọn jọ sí yàrá géèmù. Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ kòlòbà níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè.

"Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Èmi ti rí i lónìí. Bàbá, ẹ lọ gbé pákó ọmọ yín wá."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá.

"Èmi?" Bàbá Sáfà gbọn aṣọ. "Àgbà bíi tèmi?"

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ ń bá wí o!" ni ìyá fò sókè. "Ẹni tó ń gbàdúrà fún ọmọ yìí láràárọ̀!"

"Ìyá, ẹ jókòó. Olè wo ló jí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó tún fi òmíràn wọ̀ ọ́? Olè á mú tuntun, á fi àpótí sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó tú pákó kan, tó de òmíràn, tó sì dì í dáadáa, ó fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ ni. Ìyẹn yọ Kìnnìún kúrò. Atúnkọ̀ǹpútàṣe mọ̀ pé sáfà kò yẹ géèmù, yàtọ̀ sí pé ọkùnrin náà kò lè di okùn bàtà ara rẹ̀."

"Òótọ́ ni," ni atúnkọ̀ǹpútàṣe wí.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe di wáyà yìí. Ẹ wá wo awò ojú Bàbá. Èmi kò sì sọ iye ọwọ́ tó wà nínú ògbólógbòó náà fún ẹ̀dá kankan. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló sọ ọ́ sí mi létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé Bàbá, tí mo sọ pé 'ti àtijọ́' péré, Bàbá fúnra wọn ló sọ fún mi pé méjìlélógún ni. Àní, ẹni tó bá ti gbé ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú sáfà, tó rò pé ohun tó gbé iléeṣẹ́ lórí gbọ́dọ̀ lè gbé géèmù, tí kò sì..."

"Ọ̀gá," ni Kìnnìún wí, "ẹ sọ ọ́ ṣókí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí Bàbá Sáfà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìgbà tí wọ́n lọ sọ́jà lọ́sàn-án àná ni mo ṣe é," ni ó wí. "Mo ní tó bá ti borí tán ni màá tó sọ fún un pé èmi ni. Ìgbà tó sunkún, mo fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n èèyàn ò kúrò nínú yàrá yìí mọ́."

"Ẹ sì ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Èyí ni mo wá bá yín fà, kì í ṣe ti pákó."

Bàbá yíjú sí atúnkọ̀ǹpútàṣe. "Ọmọ mi, mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Má bínú."

Ìyá bú sẹ́kún, ó ní òun máa rin títì náà láti ẹnu ilé dé ẹnu ilé, òun máa sọ pé ọkùnrin náà kò jalè.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá ni pákó náà wà, nínú páálí bàtà, wọ́n fi aṣọ àwọ̀lékè wé e. Kí wọ́n tó lè dá a padà, wọ́n ní láti gé okùn dúdú wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tí abẹ́ bá gé ni Bàbá ń dijú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, atúnkọ̀ǹpútàṣe wo wáyà tó tún rí jákujàku, ó wo Bàbá.

"Ẹ wá bá wa dì í, Bàbá. Dídì tiyín ò láfiwé."

Àwọn ẹgbẹ́ yẹn yọjú lójú kọ̀ǹpútà bí Bàbá ṣe gé ìrù okùn tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn Ọ̀kẹ́rẹ́ nà. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kí ọ̀tá tó yíjú, ó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú ẹ̀rọ: "Ọmọbìnrin, ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Ariwo sọ nínú ilé. Bàbá Sáfà nìkan ni kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń yọjú wo àpótí náà.

"Ọwọ́ mẹ́jọ péré ló ṣe gbogbo èyí?"

"Mẹ́jọ, Bàbá," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn. "Àti ìka mẹ́wàá tèmi."

Bàbá ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ìsípẹ́kítọ̀ dé fìlà rẹ̀, ó lọ wá tíì gbígbóná.