Ẹja Alárán Inú Apẹ̀rẹ̀ Kẹ̀kẹ́

"Kotone! Ṣé ẹja yẹn ò tíì jinná ni? Ebi ń pa mí o!"

Bàbá àgbà ló ń pariwo láti ìdí tábìlì. Kotone dúró ti agbada, ó ń wo ẹja alárán méjì tó ń ta nínú òróró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbóòórùn wọn. Wọ́n ń ta sánsán. Kò sí ẹni tó máa wò wọ́n tó máa fura.

Ṣùgbọ́n òun mọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló ti gba ẹja náà ní èbúté Hachinohe, lọ́wọ́ Bàbá Kudo, tí òun àti Bàbá àgbà jọ fi ọgbọ̀n ọdún pẹja nínú ọkọ̀ kan náà. Bàbá Kudo bu yìnyín sínú ọ̀rá ẹja náà, ó ní, "Ilé ni kó o gbà lọ tààrà o. Alárán kì í dúró de èèyàn."

Kotone ò gba ilé lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ijó dánra wò ní ọgbà ìṣeré, wọ́n ní kó wá jó ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan péré di wákàtí méjì ààbọ̀. Oòrùn oṣù kẹjọ kò sì mojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tó fi ẹja náà sí nínú apẹ̀rẹ̀, yìnyín ti di omi, omi náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kí ló dé tí kò da ẹja náà nù? Ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ti sọ ọ́ fún un láìfepo bọyọ̀: "Tó o bá ń se oúnjẹ Bàbá dáadáa ní gbogbo Ọjọ́rú, wàá bá ẹgbẹ́ oníjó ẹ lọ sí ìdíje ní ìlú Sendai. Tó o bá já mi kulẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn." Ìdíje náà ku ọjọ́ mẹ́wàá. "Iná á pa gbogbo ẹ̀," Kotone sọ fún ara rẹ̀, ó sì dín ẹja náà títí awọ rẹ̀ fi dúdú.

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá àgbà fi igi tín-ín-rín méjì tó fi ń jẹun gún ẹja náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! O ti sọ ọ́ di èédú! Ìyá-ìyá ẹ gan-an ò dáná sun ẹja tó báyìí rí."

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, imú rẹ̀ ò gbóòórùn mọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ wọn pọ̀, wọ́n dúpẹ́ oúnjẹ.

"Ó yá, alásè," Bàbá àgbà ní. "Nínú ọkọ̀ wa, ẹni tó bá se oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Kotone bu díẹ̀ sẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ ta á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn jẹ ata. Bẹ́ẹ̀, kò fi ata kankan sí i. Ó gbé e mì.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Bàbá."

Bàbá àgbà bu ẹja tó tóbi, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Kotone rí Sendai lọ́kàn rẹ̀, ó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rí ẹnu bàbá arúgbó náà tó yà sílẹ̀ láìfura.

"Ẹ má jẹ ẹ́!"

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àwo já bọ́, ó fọ́ yángá.

"Orí ẹ ti dàrú ni?"

"Ó ti bàjẹ́, Bàbá. Oòrùn ti pa á. Mo lọ jó. Ẹ jọ̀ọ́." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ojú Bàbá àgbà yí padà. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ló bà á. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ jẹ ẹ́! Iná kì í pa oró inú alárán tó bá ti bàjẹ́, ta ni ò mọ̀ yẹn nílé yìí?"

Ọrùn Kotone ti pọ́n, gbogbo ara ń yún un, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré. Bàbá àgbà, tí kì í rìn láìlo ọ̀pá, gbàgbé ọ̀pá, ó sì sáré lọ sídìí fóònù.

Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà wo bàbá arúgbó náà, ó mi orí. "Ká ní ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ni, Bàbá, pẹ̀lú ọkàn yín yìí, ọ̀rọ̀ míì la ò bá máa sọ."

Ìyá Kotone kò pariwo. Ó kàn sọ pé kò sí Sendai mọ́. Kotone kò bẹ̀bẹ̀. Ó ti wá yé e pé ijó tó lọ jó kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé ó fi irọ́ bò ó títí ewu fi dé ẹnu ẹni tó fọkàn tán an.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láti ọgbà ìṣeré. Ó juwọ́ sí wọn, kò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, Bàbá àgbà ki ọwọ́ bọ ọ̀rá ẹja, yìnyín ṣì ń dún gbìràgbìrà nínú rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé orí tábìlì, ó bi í pé, "Alásè, ṣé ó dùn?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá," Kotone dáhùn. "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."